Omi Inú Afẹ́fẹ́ ni Ọ̀gá Ìgbà Ooru ní Houston

Ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé sí Houston nínú oṣù kẹfà sábà máa ń fọ́nnu pé ooru kò lè ṣe òun ní nǹkan kan, nítorí pé inú ooru ni wọ́n bí òun sí. N kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Mo máa ń fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò jáde nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, tí ìrì yóò bo awò ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí èémí rẹ̀ yóò sì wúwo bíi ti ẹni tí ó wọ balùwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ tán. Ìgbà náà ni yóò bi mí pé irú ooru wo nìyí. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé oòrùn kọ́ ni ó ń jẹ gàba lórí ìgbà ooru ní ìlú yìí, omi ni. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń pinnu bí òru yóò ṣe rí, òun ni ó ń kó òjò ọ̀sán jọ, òun náà sì ni oúnjẹ tí ìjì líle ń jẹ yó kí ó tó kọlu etíkun. Ẹni tí ó bá ń wo òṣùwọ̀n ooru nìkan kò tíì mọ ojú ọjọ́ Houston.

Houston wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Galveston, ìlú orí erékùṣù tí ó kọjú sí òkun, wà ní nǹkan bí kìlómítà 80 sí i ní apá gúúsù ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kan tí ó lè dá afẹ́fẹ́ òkun dúró. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù kì í yé fẹ́ kọjá lórí òkun Gulf of Mexico, tí ojú omi rẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 30 lórí Celsius nínú oṣù kẹjọ, ó sì ń gbé oru omi láti ibẹ̀ wá sí orí wa. Ìwọ̀n ooru ọ̀sán nínú oṣù kẹjọ kì í sábà ju nǹkan bí 35 lọ, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní 95 lórí Fahrenheit. Bí a bá fi wé Máídúgùrì nínú oṣù kẹrin, níbi tí ìwọ̀n náà ti máa ń kọjá 40, yóò dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní Máídúgùrì, òógùn á ti gbẹ kí ènìyàn tó rántí láti nù ún, gbígbẹ tí ó sì ń gbẹ yẹn ni ó ń mú ara tutù. Ní Houston, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò sí àyè tí òógùn yóò gbà lọ, nítorí náà yóò kàn máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ ni, ara á sì máa gbóná lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òru. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń wọn bí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe tutù tó kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, ìwọ̀n náà sì máa ń wà ní 24 tàbí 25 níbí ní àárín ìgbà ooru. Bí ooru òru bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, sísẹ̀ rẹ̀ á sì máa tú ooru padà sínú afẹ́fẹ́, tí òru kò fi ní lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè jáde ní aago márùn-ún ìdájí, kí oòrùn tó yọ rárá, kí ẹ̀wù rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára kí ó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ìlú tí òru rẹ̀ kò tutù kò ní ìgbà ìsinmi, àwọn àgbàlagbà tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ni ìyà rẹ̀ sì ń jẹ jù.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni ó sọ Houston di ìlú ńlá, n kò sì rò pé àsọdùn ni mo sọ. Ní ọdún 1965 ni wọ́n ṣí Astrodome, pápá ìṣeré àkọ́kọ́ lágbàáyé tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi òrùlé bò pátápátá, kí àwọn ènìyàn lè wo eré bọ́ọ̀lù gbígbá onígi láìsí ooru, òjò àti ẹ̀fọn. Ní àárín ìlú, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí ó gùn ju máìlì 6 lọ so àwọn ilé gogoro pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kan lè ti ibi iṣẹ́ lọ jẹun, kí ó lọ sí báńkì, kí ó sì padà láìfojú kan oòrùn. Inú ilé máa ń tutù débi pé àwọn obìnrin ń mú súwẹ́tà lọ́wọ́ nínú oṣù keje. Gbogbo òde àríyá wa, láti ìgbéyàwó dé ìsọmọlórúkọ, inú gbọ̀ngàn ni a ti ń ṣe é, ọgbọ́n sì ni. Àwọn tọkọtaya kan pinnu láti ṣe ìdána wọn nínú ọgbà ní ọ̀sán oṣù keje, wọ́n sì fi aṣọ òkè tí ó nípọn ṣe aṣọ ẹbí; n kò ní sọ ju pé àwọn onílù ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ agbádá.

Ọjọ́ kan nínú ìgbà ooru ní bí ó ṣe máa ń lọ, ẹni tí ó bá sì fara balẹ̀ wò ó yóò mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Òwúrọ̀ máa ń mọ́ tòun ti ìrì lórí koríko. Nígbà tí ó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ilẹ̀ á ti gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á máa gòkè, afẹ́fẹ́ òkun tí ó tutù díẹ̀ á sì máa wọlé láti Galveston láti wá rọ́pò rẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, ìkùukùu funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè, á sì dúdú nísàlẹ̀. Ìlà ìpàdé yìí á máa rìn wọ inú ilẹ̀ bí ọ̀sán ṣe ń lọ, ó máa ń kọjá ní àdúgbò àwọn tí ó ń gbé ní etí òkun ní ìyálẹ̀ta, kí ó tó dé àárín Houston ní ọ̀sán, kí ó sì dé apá àríwá ìlú ní ìrọ̀lẹ́. Òjò tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó le, mànàmáná rẹ̀ sì ń kọ lemọ́lemọ́. Ó lè rọ̀ ní òpópónà kan kí omi kún gọ́tà, kí òpópónà kejì sì gbẹ fúrúfúrú. Bí ó bá ti dá, ìtura kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: oòrùn á tún yọ, omi tí ó wà lórí ọ̀dà á padà sókè, ọ̀rinrin á sì burú ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tí màmá mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, oòrùn ni ó kọ́kọ́ ya wọ́n lẹ́nu. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù, ìta ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé oòrùn tiyín kì í wọ̀ ni?” Mo ní, “Ó ń wọ̀, Màmá, ó di aago mẹ́jọ ààbọ̀.” Ní ìparí oṣù kẹfà, nǹkan bí wákàtí 14 ni ojúmọ́ fi ń gùn níbí, nígbà tí ti Ìbàdàn kò ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Àwọn Mùsùlùmí wa tí wọ́n gba ààwẹ̀ Ramadan níbí nínú oṣù kẹfà ọdún 2016 àti 2017 kò ní gbàgbé rẹ̀, nítorí pé láti ìdájí dé ìgbà ìṣínu lé ní wákàtí 15. Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́ àyàfi bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí i: ní ọ̀sán gangan ní ìparí oṣù kẹfà, oòrùn súnmọ́ àtàrí wa ní Houston ju bí ó ṣe súnmọ́ àtàrí ará Èkó lọ. Ní àkókò yẹn, oòrùn wà ní òkè ìlà kan tí ó jìnnà díẹ̀ péré sí gúúsù wa, ṣùgbọ́n ó ti kọjá Èkó lọ sí àríwá pátápátá. Bí ará Èkó bá dúró ní ìta ní ọ̀sán ọjọ́ náà, apá gúúsù ni òjìji rẹ̀ yóò wà. Tiwa ní tiwa, òjìji kékeré kan ni yóò wà ní apá àríwá, tí kò tó láti bo bàtà.

Àwọn ìgbà ooru kan wà tí òjò ọ̀sán wọ̀nyí kì í rọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ tí ó wúwo á wá jókòó sórí Texas ní òkè réré, á máa tẹ gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ìkùukùu kò ní lè ga tó láti di òjò, oòrùn á sì máa jó ilẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún 2011 ṣe rí, nígbà tí ooru Houston dé 100 lórí Fahrenheit tàbí kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 46. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó dé 109, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí ó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Ó ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ó sì tún padà dé ibẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ igi tí ó ti dàgbà kú ní Memorial Park nínú ọ̀dá ọdún 2011. Ilẹ̀ ibí jẹ́ amọ̀ tí ó máa ń wú bí ó bá mu omi, tí ó sì máa ń sún kì bí ó bá gbẹ, tí ògiri ilé á fi là, tí ilẹ̀kùn kò ní ṣeé tì mọ́. Nítorí èyí ni àwọn onílé fi ń tẹ́ ọ̀pá rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ sí ìdí ilé wọn, kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ilẹ̀ ìpìlẹ̀. Nígbà tí màmá mi rí mi tí mo ń bomi rin ìdí ilé, wọ́n bi mí bóyá mo gbin iṣu síbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ó lè bá omi òkun Gulf figẹ̀ wọngẹ̀ nínú ìgbà ooru, apá ọ̀dọ̀ wa ni ó sì ti ń bọ̀. Eruku aginjù Sàhárà ni. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, ooru aginjù máa ń gbé eruku Mali, Mauritania àti Algeria ga sókè dé nǹkan bí kìlómítà 5, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn á sì gbé e kọjá lórí òkun Atlantic àti Caribbean, ìrìn àjò tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 8,000, tí ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tí ó wá ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2020 pọ̀ débi pé àwọn oníròyìn sọ ọ́ ní Godzilla. Ní ọjọ́ tí eruku náà bá dé, òfuurufú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn ilé gogoro á wà nínú kùrukùru, àwọn tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ á sì jókòó sínú ilé. Màmá yọ sí fèrèsé lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ọyẹ́ nìyí o!” Wọn kò jìnnà sí òótọ́. Ọyẹ́ tiwa máa ń gba ìsàlẹ̀, ní ìgbà òtútù, láti ilẹ̀ adágún tí ó ti gbẹ ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, nígbà tí eruku ìgbà ooru ń gba òkè réré. Síbẹ̀ aginjù kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì.

Afẹ́fẹ́ tí ó gbé eruku yìí gbẹ gan-an ni, ìdí tí mo fi ní ó lè bá òkun figẹ̀ wọngẹ̀ sì nìyẹn. Bí ó bá wọ inú ìjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ lórí òkun Atlantic, á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ìjì náà á sì rọ. Ọ̀pọ̀ ará Houston ń ráhùn eruku yìí nítorí pé ó ń ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Ní tèmi, mo máa ń kí i káàbọ̀ ni, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí eruku bá wà ní òfuurufú jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ìjì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wá.

Ilẹ̀ Áfíríkà kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ìjì líle orí òkun tí wọ́n ń pè ní hurricane ti ń gbéra. Sàhárà gbóná janjan nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù rẹ̀ sì tutù nítorí òjò. Ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ni Èkó máa ń tutù jù lọ, nígbà tí òjò bá dá dúró díẹ̀ tí òfuurufú sì ṣú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru àríwá àti òtútù gúúsù ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ kan máa sáré láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní òkè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Afẹ́fẹ́ náà kì í lọ tààrà, ó máa ń yí lọ yí bọ̀ bí ìgbì, ìgbì kọ̀ọ̀kan á sì kó àrá àti òjò dání jáde sórí òkun ní agbègbè Senegal àti Guinea. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í di nǹkan kan. Àmọ́ nínú ìjì 100 tí wọ́n sọ lórúkọ lórí Atlantic, nǹkan bí 60 ni ó ti ara ìgbì wọ̀nyí wá, nínú 100 tí ó bá sì le jù lọ, nǹkan bí 85 ni. Omi òkun tí ó gbóná tó ìwọ̀n 26 àti ààbọ̀ ti tó láti bọ́ irú ìjì bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ìwọ̀n tí òkun Gulf ń dé.

Galveston ni ó kọ́kọ́ fi ojú winá rẹ̀ jù. Ní ọdún 1891, Isaac Cline, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní ìlú náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé asán ni ìbẹ̀rù àwọn tí ó rò pé ìjì lè pa Galveston run. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, òkun ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ lórí erékùṣù tí ibi tí ó ga jù níbẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Àwọn tí ó kú kò dín ní 6,000, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìtàn sì ń dárúkọ 8,000. Kò tíì sí àjálù ojú ọjọ́ tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Aya Cline wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ odi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17 sí etíkun, wọ́n sì fi jáàkì gbé àwọn ilé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fa yanrìn òkun sí abẹ́ wọn. Bí ẹ bá rìn ní orí odi náà lónìí, ẹ wo bí ojú títì ṣe ga ju etí omi lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé ilẹ̀ náà dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìjì bá ń bọ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í sọ̀rọ̀ ju agbára afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n á máa ka ìpele rẹ̀ láti 1 dé 5. Ìwọ̀n yẹn kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ìjì Allison, tí ó wá nínú oṣù kẹfà ọdún 2001, kò tilẹ̀ di hurricane rárá, síbẹ̀ òjò rẹ̀ kọjá ínṣì 35 ní agbègbè èbúté Houston, ó kún inú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ àárín ìlú, ó sì wọ ìsàlẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Texas Medical Center. Ike, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, jẹ́ ìpele 2 péré nígbà tí ó dé Galveston, ṣùgbọ́n omi òkun tí ó tì síwájú gbá ilé lọ ní Bolivar, ilẹ̀ etíkun kan nítòsí Galveston, tí ó fi ku ilẹ̀ lásán. Àwọn aláṣẹ níbí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń sọ, pé kí ènìyàn sá fún omi, kí ó sì fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, bí àwọn ènìyàn bá ń tẹ̀lé e.

Harvey ni èyí tí kò sí ẹni tí ó gbàgbé. Ìgbì kan tí ó kúrò ní etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni, ó rọ pátápátá ní Caribbean, àwọn ènìyàn sì rò pé ó ti tán. Bí ó ṣe dé orí omi gbígbóná inú Gulf ni ó jí padà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù náà, ó ti di ìpele 4, ó sì wọlé nítòsí Rockport ní etíkun Texas. Bí ó bá ti kọjá lọ bí àwọn yòókù ni, ìròyìn afẹ́fẹ́ ni à bá máa sọ. Ṣùgbọ́n ó dúró, kò sí afẹ́fẹ́ òkè tí yóò tì í lọ, ó ń fa omi òkun, ó ń dà á sórí wa, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní Nederland, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Houston, òjò rẹ̀ jẹ́ ínṣì 60.58, tí í ṣe nǹkan bíi mílímítà 1,539. Ìwọ̀n òjò tí ó ń rọ̀ sí Èkó láàárín ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ènìyàn 68 tí ìjì náà pa tààrà ní Texas, mẹ́ta péré ni omi òjò kọ́ ni ó pa wọ́n. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni ó sùn ní gbọ̀ngàn George R. Brown, olówó àti tálákà, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Àwọn kan ṣì ń bèèrè ìdí tí wọn kò fi ní kí gbogbo Houston kó jáde kí Harvey tó dé. Ìjì Rita ni ìdáhùn. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Katrina ba New Orleans jẹ́, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tí ó sá jáde ní agbègbè yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ kò lè lọ, epo tán, ooru sì mú àwọn àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó kú nínú sísá náà lé ní 100.

Ooru yìí kan náà ni ó padà wá lẹ́yìn Beryl. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2024, Beryl dé ìpele 5 lórí Atlantic, kò sì tíì sí ìjì tí ó yára dé ìpele náà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún. Nígbà tí ó fi dé Texas ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele 1, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà á sí. Ó já iná mọ́ ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ nínú, àwọn mìíràn sì wà láìní iná fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn kan kú nínú ilé ara wọn nítorí ooru. Àwa tí a ti gbé ní Nàìjíríà mọ bí a ṣe ń gbé láìsí iná, a ní jẹnẹrétọ̀, a ní àtùpà, a ní gaàrí. Ṣùgbọ́n ilé ibí kò ní fèrèsé tí ó dojú kọ ara wọn, òrùlé wọn kò ga, wọ́n kọ́ wọn láti gbára lé iná ni. Ẹran inú fírísà lásán kọ́ ni ènìyàn ń pàdánù níbẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tí ó ń sùn.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn náà ń gbé nínú ojú ọjọ́ yìí, wọ́n sì ní ọgbọ́n tiwọn. Lábẹ́ afárá Waugh Drive, lórí odò Buffalo Bayou, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdán ni ó ń gbé, wọ́n sì máa ń tú jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti wá kòkòrò jẹ. Omi Harvey ga dé abẹ́ afárá náà, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ wọn kò kúrò níbẹ̀. Àwọn èèrà pupa tí oró wọn ń jó ni bí iná kì í rì rárá: bí omi bá gba inú ihò wọn, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á kó ọmọ àti ayaba wọn sí àárín, wọ́n á sì léfòó títí wọ́n yóò fi kan ohun gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ń la àgbàrá kọjá, kí ó má ṣe rò pé ìdọ̀tí ni ó ń bọ̀ yẹn.

Omi Galveston fúnra rẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni ó sábà máa ń ní, nítorí ẹrẹ̀ tí odò Mississippi àti àwọn odò mìíràn ń tú sínú òkun, tí ìṣàn etíkun sì ń gbé wá sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn àlejò máa ń rò pé ó dọ̀tí. Ní àárín ìgbà ooru, bí afẹ́fẹ́ bá dúró sí gúúsù tí ìṣàn náà sì yí padà fún ọjọ́ díẹ̀, omi aláwọ̀ ewé á wọlé láti inú òkun jíjìn, gbogbo ìlú á sì dà sí etíkun láti lọ ya fọ́tò.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni afẹ́fẹ́ àríwá àkọ́kọ́ sábà máa ń dé. Ìwọ̀n ooru lè máà fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ á lọ sílẹ̀ láàárín òru kan, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọn aládùúgbò tí a kò rí láti oṣù kẹfà á jáde sí iwájú ilé wọn. Ìjì kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí Texas lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ ìjì Jerry kọlu Galveston ní àárín oṣù kẹwàá ọdún 1989. Nítorí náà, àwọn gálọ́ọ̀nù omi àti bátìrì mi kì í kúrò nínú gáréèjì títí oṣù kẹwàá yóò fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdọọdún ni ìyàwó mi ń sọ pé òun nílò àyè yẹn fún àwọn àga òde.